Bí Mo Ṣe Ń Rán Ẹ̀yìn Aṣọ fún Agbo Eré Bàbá Lásísì

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń wọlé tọ̀ mí wá ní Djègan-Kpèvi nínú Àjàṣẹ́ yìí, tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ kọ́ ìránṣọ tàbí kí ẹ lọ máa bá wọn ta ọjà ní Kraké lẹ́nubodè, mo ti gbọ́ yín. Mi ò ní sọ pé iṣẹ́ mi dùn, mi ò sì ní sọ pé kò dùn. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ, kí kálukú mú èyí tó bá ọkàn rẹ̀ mu níbẹ̀. Kìkì pé kí ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi, torí bí ọ̀rọ̀ bá bọ́ lẹ́nu mi báyìí, ó di ọ̀la kí n tó rí i mú.

Ràmátù ni orúkọ mi. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àti aṣọ ìgbéyàwó lẹ mọ̀ mí mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni mo kọ́kọ́ kọ́. Aṣọ eré ni mo fi bẹ̀rẹ̀, aṣọ àwọn tó ń kọrin tí wọ́n ń jó nínú agbo. Bàbá Lásísì ló ni agbo náà. Aránṣọ lòun fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ṣẹ́.

Ilẹ̀ gbalasa kan wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí a gba òmìnira ni Bàbá pe Fòfó Sètonjí, ó ní kó kan ìjókòó yí ilẹ̀ náà ká. Káfíńtà ni Fòfó Sètonjí. Ẹ̀gùn ni, "Fòfó" sì ni àwọn Ẹ̀gùn ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń pè é. Pákó ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó ló rà létí ọ̀sà, òun ló fi kan ìjókòó náà ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn, ó wá fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí gbogbo rẹ̀ ká. Kò sí pèpéle, kò sí aṣọ tí à ń ta sílẹ̀ tí à ń fà sókè. Àárín ni eré wà, èèyàn sì yí i ká.

Ìgbà fakáǹsì nìkan la máa ń ṣe é, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti pa, tí àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ lókèèrè bá ti wálé, tí òjò sì dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Bí wọ́n bá ti kí ìrun àlàásárì tán, a ó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá máa fi pe ìrun màgàríbì, a ti parí. Oòrùn ni àtùpà wa.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan máa ń bi Bàbá pé níbo ni iwájú eré rẹ̀ wà, wọ́n ní àwọn ti rí eré ní Dakar, wọ́n ní eré gbọ́dọ̀ ní iwájú. Bàbá á ní, "Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lọ́jà, ṣé ẹ ti rí ẹni tó bèèrè ibi tí iwájú ìjà wà rí?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá ibì kan jókòó sí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n gbà, mo wọṣẹ́. Ohun tí mo ń gbà níbẹ̀ kò tó ohun tí à ń fi ẹnu sọ, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni pé ẹ̀yìn aṣọ nìkan ni Bàbá ń gbé fún mi. Iwájú kò kàn mí, àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń rán ìyẹn. Mo rán ẹ̀yìn bùbá, mo rán ẹ̀yìn agbádá, mo rán ẹ̀yìn dàńṣíkí títí ó fi sú mi. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọkùnrin yìí kò fẹ́ kí n mọṣẹ́. Mo lọ fẹjọ́ sun ìyá mi, ìyá mi ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó rọrùn fún un láti sọ, kì í ṣe òun ló di àáké mú.

Bí ẹ bá sì rán aṣọ tán, Bàbá kì í wo iwájú rẹ̀. Á gbé e kọ́, á kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, á fa àpótí, á jókòó tì í. Á máa wo ẹ̀yìn aṣọ náà títí, á máa fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán láti ọrùn dé ìṣẹ́tí. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Kì í pariwo. Ì bá tilẹ̀ dára kó máa pariwo.

Nígbà tó wá yọ̀ǹda odindi aṣọ fún mi, aṣọ ayaba ni. Àfúsátù ló máa wọ̀ ọ́. Àfúsátù ni olórí akọrin wa, ọmọ ilé kéú ni, ìyá rẹ̀ tọ́ ọ dáadáa, kì í kí àgbàlagbà ní ìdúró. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò mọ ìtìjú, torí bó bá gbé orin ní Djègan-Kpèvi, àwọn tó wà létí ọ̀sà á gbọ́. Mo kó gbogbo ọgbọ́n mi sí iwájú aṣọ yẹn. Mo fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣọnà sí ọrùn, mo fi òdòdó sí àyà. Ẹ̀yìn rẹ̀, mo kàn fà á pọ̀ ni.

Bàbá gbé e kọ́ sí ògiri, ó wò ó, kò fi àtàǹpàkò tọ ọ́ rárá. Ó ní, "Wọ̀ ọ́."

Mo ní, "Èmi, Bàbá?"

"Ìwọ ṣá."

Mo wọ̀ ọ́. Ó pe àwọn akọrin, ó pe onílù, ó pe Fòfó Sètonjí tó ń tún pákó ṣe lọ́wọ́, ó ní kí gbogbo wọn jókòó yí agbo ká. Ó ní kí n dúró sáàárín.

Ó bi mí pé, "Ta ló wà lẹ́yìn rẹ?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Bi í léèrè ohun tó rí."

Fòfó Sètonjí ló wà lẹ́yìn mi. Ó kọ́kọ́ wúkọ́. Ó ní, "Ràmátù, àbúrò mi, kí n má purọ́, àpò gààrí ni mo rí."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Àfúsátù fi ìborùn bo ẹnu. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ kò fò wọ inú ọgbà. Ẹnu ọ̀nà ló gbà wọlé bíi ti ẹlòmíì. Ojú tiẹ̀ náà, ojú ni." Ẹkún ni mo fi tú aṣọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un rán, tí Àfúsátù wọ̀ ọ́ wọ agbo, mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja kan ní ìhà ọ̀hún pariwo nígbà tó kẹ̀yìn sí wọn. Láti ọjọ́ náà, mi ò bèèrè iwájú mọ́.

Ìbéèrè yẹn náà ló fi ń kọ́ àwọn akọrin. Bí wọ́n bá ń fi orin dánra wò, á kàn gbé ọwọ́ sókè, orin á dá. Á nàka sí ẹnì kan, á ní, "Ta ló wà lẹ́yìn rẹ?" Ẹni tí kò bá mọ̀ á bọ́ síta. Òfin rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má kọjú síbì kan ju ìgbà tí wọ́n fi gbe orin lẹ́ẹ̀kan lọ. Bí wọ́n bá ti gbè é, yí. Àwọn onílù pàápàá kò jókòó pọ̀. Ó pín wọn sí igun agbo, tó fi jẹ́ pé ibi tó wù kí o jókòó sí, ìlù wà létí rẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún yín nínú àwọn eré wa kí ẹ lè mọ ohun tó sọnù. Ọkùnrin oníṣòwò kan wà nínú rẹ̀ tó ń ná Kraké, tó lọ fẹ́ obìnrin míì ní òdìkejì ẹnubodè láì jẹ́ kí ìyàwó ilé gbọ́. Bàbá ní kí n ya ẹ̀yìn agbádá rẹ̀, kí n wá fi aṣọ ìró obìnrin kejì lẹ̀ ẹ́. Bí ọkùnrin náà bá wọlé, tó ń kí ìyàwó ilé, tó ń fi orin pọ́n ọn lé, iwájú ni ìyàwó ń wò. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí àbùlẹ̀ náà, ẹ̀rín á sì gbà wọ́n. Àwọn tó wà níwájú kò mọ ohun tí wọ́n ń rín. Ọkùnrin náà á wá máa yí díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín náà á máa yí agbo ká pẹ̀lú rẹ̀, ìhà kan á ń rẹ́rìn-ín, ìhà kejì á ń nàgà. Àwọn èèyàn á padà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n á jókòó sí ìhà míì kí wọ́n lè rí ohun tí wọn kò rí lánàá. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́, bóyá nǹkan á já. Bí mo bá ti gbọ́ tí ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ara mi á yá gágá. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rán láyé mi, àbùlẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ la ń lò nígbà yẹn, ọwọ́ kan á máa yí i, ọwọ́ kejì á máa ti aṣọ. Iṣẹ́ ọnà, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni. Nígbà tó yá ni elẹ́sẹ̀ dé, inú wa dùn. Bàbá ní ó dára, ó ń yára, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ̀yìn yàtọ̀ sí iwájú, àwa la ó máa rán an létí.

Ní fakáǹsì kan, ọkùnrin ńlá kan nínú ìjọba wá wo eré wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Kò sì ṣe nǹkan burúkú kankan, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Orí pákó ló fẹ́ jókòó sí bíi ti gbogbo èèyàn. Àwọn àgbà àdúgbò ló ní rárá, irú ẹni báyìí kì í jókòó sórí pákó ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n lọ gbé àga onítìmùtìmù wá láti ilé ẹnì kan. Wọ́n gbé e sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn má bàa wọ̀ ọ́ lójú, nílẹ̀ níwájú ìjókòó. Àwọn náà jókòó tì í.

Àfúsátù wọlé, ó gbé orin. Wọ́n gbè é. Kò yí. Wọ́n tún gbè é. Kò yí. Ó kọjú sí àga yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, nígbà tó sì máa jáde, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló fi rìn jáde. Àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Bàbá dúró ní ìhà ìlà oòrùn níbi tó máa ń dúró sí, ẹ̀yìn wọn nìkan ló rí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ó pè é. "Àfúsátù, ta ló wà lẹ́yìn rẹ?"

Àfúsátù kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"O wá kẹ̀yìn sí mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin, ará ilé lẹ jẹ́. Ìyá mi kò kọ́ mi pé kí n máa kọ ìdí sí àgbà. Ẹni tó ń kọrin ni mí lóòótọ́, ọmọ tí ìyá kọ́ náà sì ni mí."

"Nínú agbo, kò sí àgbà."

"Bí mo bá jáde nínú agbo ńkọ́?"

Bàbá ní kó dìde. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Tiwa ni ìtìjú, tiwa sì ni agbo. Èèyàn wo ló máa pín in?

Ẹ̀yin ò mọ ohun tí agbo yẹn jẹ́ fún Bàbá. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní Gabon, kì í wálé. Agbo yẹn ló kù tó ń pe èèyàn wá bá a. Bí kò bá sí agbo, ọkùnrin tó ń dá jókòó ti ògiri ni. Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà àdúgbò wá bá a lọ́jọ́ kejì, ó bá wọn sọ ọ́ pẹ́.

Ó ní kí wọ́n jẹ́ ká gbé àga náà kúrò. Wọ́n ní, "Lásísì, ṣé àwa ni o fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa kọ ìdí sí ní gbangba? Ohun tí à ń fojú rí nínú ọgbà rẹ, a gbà á, eré ni. Ṣùgbọ́n àlejò yẹn ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá, àga kò kúrò. Òmíràn dé tì í. Kò sí àgbàlagbà tó gbà pé òun kéré sí ẹni tí wọ́n gbé àga fún. Àwọn tó ń jókòó ní ìhà ìlà oòrùn wá rí i pé ìpàkọ́ làwọn ń wò, oòrùn sì ń ta wọ́n lójú lásán, ni wọ́n bá ń ṣí díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìhà àga. Mi ò bá wọn wí. Ta ló máa jókòó kó máa wo ìpàkọ́ èèyàn? Àbùlẹ̀ ẹ̀yìn agbádá kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́, torí kò sí ẹni tó rí i. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin tilẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí mo ń fi òwú ṣòfò sẹ́yìn aṣọ òun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún un.

Ìhà kan ṣófo, ìhà kejì kún àkúnya. Wọ́n ní kí Fòfó Sètonjí fi àtẹ̀gùn kún ti ìwọ̀ oòrùn. Ó ní òpó yẹn kò gbé e, pákó náà ti gbó. Wọ́n ní kó ṣáà ṣe é, fakáǹsì ti ń parí lọ. Ó ṣe é, ó ń kùn ní Ẹ̀gùn láàárọ̀ títí dalẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Àfúsátù ló ń kọ orin ìparí. Ó ti sún mọ́ àwọn àgbà lórí àga, ó kúnlẹ̀ síwájú wọn, ó ń fi orin kí wọn. Orin náà dùn, gbogbo àwọn tó wà lórí pákó lẹ́yìn wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti gbè é. Mo gbọ́ tí igi ké. Kí n tó sọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ìjókòó yẹn ti wó wá síwájú pẹ̀lú gbogbo èèyàn orí rẹ̀. Àwọn àgbà fò kúrò lórí àga, Ọlọ́run sì yọ wọ́n. Àfúsátù kúnlẹ̀, kò lè fò. Òpó kan dá lé e lẹ́sẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Ọwọ́ kán, orí fọ́, àwọn ọmọ ń sunkún. Nígbà tí a gbé òpó kúrò lára Àfúsátù tán ni mo wo ẹ̀yìn. Ìhà ìlà oòrùn wà níbẹ̀ gbágbágbá, pákó rẹ̀ kò yẹ̀. Kò sí ẹyọ èèyàn kan lórí rẹ̀ àfi Bàbá Lásísì, ó dúró síbi tó máa ń dúró sí.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ká ní ìdajì èèyàn wọ̀nyẹn wà ní ìhà ọ̀hún, pákó kì bá tí ṣẹ́. Ẹsẹ̀ Àfúsátù jinná, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Ó lọ sílé ọkọ, kò kọrin ní gbangba mọ́ títí ó fi kú. Àwọn àgbà ní kí Bàbá má tún agbo kọ́, wọ́n ní ewu ni, wọ́n sì fẹ̀sọ̀ sọ ọ́. Pákó yòókù, àwọn èèyàn fi dáná. Àwọn ọ̀dọ́ kan kó eré lọ sínú gbọ̀ngàn kan nínú ìlú, tó ní pèpéle, tó ní iwájú. Mo rán aṣọ fún wọn. Wọ́n ní kí n má ṣọnà sẹ́yìn, ta ló ń rí i? Aṣọ tí iwájú rẹ̀ ń dán, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àpò gààrí, òun ni mo ń rán. Ó dùn mí. Kí n tó sùn báyìí, ó ṣì ń dùn mí nígbà míì. Lẹ́yìn fakáǹsì mélòó kan, ìyẹn náà tú ká.

Ohun tó kù, ẹ mọ̀ ọ́n. Mo ṣí ilé iṣẹ́ tèmi, ẹ̀rọ oníná dé, mo rà á, mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́. Ojú mi ló lé mi kúrò nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ. Ẹ ó jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ lè mọ nǹkan kan dé góńgó, kí ayé sì dẹ́kun bíbèèrè rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ọn.

Ó ku ẹyọ kan. Lẹ́yìn tí agbo tú ká, ojú Bàbá fọ́. Ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé, ara ògiri ni wọ́n máa ń gbé e jókòó sí. Mo rán agbádá funfun kan fún un. Mi ò fi nǹkan kan sí iwájú. Ẹ̀yìn ni mo kó gbogbo òwú mi sí, láti èjìká dé ìṣẹ́tí, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo fi ṣe é. Mo gbé e fún un lọ ní ìrọ̀lẹ́ kan tí wọ́n ti kí àlàásárì tán. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán, díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró níbì kankan.

Ó wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ mú un jókòó padà, ó ní rárá. Ó ní, "Gbé àga mi sáàárín àgbàlá." Mo gbé e síbẹ̀. Ó jókòó, ó tún agbádá ṣe léjìká. Àwọn ará ilé ti lọ sọ́jà.

"Ràmátù."

"Bàbá."

"Ta ló wà lẹ́yìn mi?"

Mo wò ó. Okùn aṣọ ló wà níbẹ̀, àti adìẹ kan tó ń fẹsẹ̀ tan ilẹ̀. Mi ò lè parọ́ fún un, mi ò sì lè sọ òótọ́. Mo gbé àpótí mi, mo rọra yí i ká, mo lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni, Bàbá."

"Kí lo rí?"

Mo wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo wo èjìká rẹ̀ tó ti rù nínú rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Mo rí gbogbo rẹ̀, Bàbá."

Ó ní, "Ó dáa. Má dìde."

Mi ò dìde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi pe ìrun màgàríbì.